Ọkọ̀ Iléyá láti Ìmẹ̀kọ sí Abẹ́òkúta: òjò kọ́ ni mo ń bá jà

Bàbá mi dúró sínú òjò ní Rọ́ńdà ní Abẹ́òkúta láti ẹ̀yìn ìrun Àsárì títí wọ́n fi kírun Ìṣáì, wọ́n ń yọjú wo gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Àyétòrò yọ. Ọ́fíìsì ọkọ̀ ló sọ fún wọn lórí fóònù pé a ti kọjá Àyétòrò, pé kí wọ́n máa bọ̀ wá pàdé mi. Lásìkò yẹn, a ò tíì rí Àyétòrò sójú rárá. Etí omi la wà nínú igbó, ọ̀nà ti dí, ẹni tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì sì mọ̀, torí èmi fúnra mi ni mo pè é tí mo sọ fún un. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbí.

Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, níbi tó jẹ́ pé tó o bá rìn síwájú díẹ̀ sí i, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lo bọ́ sí yẹn. Ọ̀kadà ló ń gbé wa jáde. Láti ibẹ̀ wá sílé nígbà Kérésì kì í ṣòro: ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku nìkan lèèyàn máa jẹ, ọkọ̀ sì máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tó ń rọ́ wá sí Ìmẹ̀kọ lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Oshoffa tó dá ìjọ náà sílẹ̀ sí. Iléyá ló le. Òṣùpá la fi ń ka ti Iléyá, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni. Ní 2024, ọjọ́ 16. Ní 2025 tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ 6. Àárín òjò gan-an ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ẹni tó bá ń ta ìjókòó ọkọ̀ Iléyá lójú ọ̀nà wa, òjò ló ń bá ṣòwò, kò sì yẹ kí òjò bá a lójijì.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó fún wọn ju iye tí wọ́n ń gbà ní gáréèjì lọ ni pé wọ́n ṣèlérí. Wọ́n ní bí òjò bá dá ọkọ̀ dúró, àwọn á máa fi tó àwọn ará ilé wa létí. Mo fún wọn ní nọ́ńbà bàbá mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú mi.

Ọ̀rọ̀ àgbò ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo ra àgbò kan lọ́wọ́ Fúlàní tó ń da ẹran lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, torí iye tí wọ́n ń pè é ní Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo ń gba ìjókòó, wọ́n ní ₦2,000 ni owó àgbò lórí ọkọ̀. Nígbà tí mo fà á dé Ìmẹ̀kọ, akọ̀wé wọn wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ₦5,000.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún méjì.”

“Àgbò kékeré nìyẹn, Àǹtí. Ẹ wo ìwo eléyìí.”

Ọjọ́ Árafà, tó ṣáájú Iléyá, ni, mo ń gbààwẹ̀, mi ò fẹ́ jà. Mo san án. Dírẹ́bà tó máa gbé wa, bàbá kan tó dé fìlà àbetí-ajá, ti wà lórí ọkọ̀ nígbà yẹn. Ọmọ tó ń di ẹrù ti so okùn mọ́ àgbò náà lọ́rùn. Bàbá yìí tú u. Wọ́n gba okùn náà yí àyà àti ìdí ẹran, wọ́n so ó mọ́ irin orí ọkọ̀ lápá méjèèjì, wọ́n wá fi tapólì bò ó, wọ́n ṣẹ́ etí tapólì náà sẹ́yìn kí orí rẹ̀ lè yọ síta. Wọ́n ní tó bá yọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú okùn lọ́rùn, òkú ẹran ni wọn yóò gbé fún mi ní Láfẹ́nwá. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Wọn ò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí a tó jìnnà sí Ìmẹ̀kọ. Èyí tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe kékeré, wípà ò lè gbá a kúrò. A wá dé ibi odò kan tí kì í ní omi rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí afárá rẹ̀ kéré, tí ọ̀dà ti bó kúrò lójú ọ̀nà. Omi ti gba orí afárá náà kọjá, ó pupa, ó ń ru. Èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀nà pin sí tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá pa ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akóyanrìn kan dé láti ẹ̀yìn wa, ó kọ lu omi náà, ó sì kọjá. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó jókòó níwájú, tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó lóru ọjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. “Ṣé o ò rí i pé ó kọjá ni? Tẹ iná, jẹ́ ká lọ!” Ó ń fi “o” bá ẹni tó lè bí i sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà dá sí i. Mi ò lè purọ́, ara èmi náà ń kán sí ilé.

Bàbá ò dá ẹnì kankan lóhùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n gé igi kan nínú igbó, wọ́n wọ inú omi lọ. Gbogbo wa ń wò wọ́n láti fèrèsé. Wọ́n ń gún igi náà mọ́lẹ̀ ní apá ọ̀tún, ní apá òsì. Níbi kan, igi náà rì lójijì, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní:

“Omi yẹn ò ga, ó ń fa ẹsẹ̀ ni. Ó sì ti jẹ ọ̀nà lápá òsì. Akóyanrìn wúwo jù wá lọ. Ẹ ṣépè fún mi níbí, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí àwọn ará ilé yín ṣépè fún mi lọ́la.”

Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi sápò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omi tó bá ń ṣàn, tí gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ti tó láti gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìyẹn ò ju òkè orókún àgbà díẹ̀ lọ o. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ò lè mọ̀, àfi ẹni tó bá wọ inú rẹ̀.

Mo gun òkìtì kan lẹ́bàá ọ̀nà títí mo fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, omi ti dí wa lọ́nà, a ò tíì dé Àyétòrò. Ẹ bá mi pe bàbá mi, kí wọ́n má jáde nílé.” Ó ní, “Ó dáa, Àǹtí, a máa pè wọ́n.” Lẹ́yìn náà ni bátìrì mi kú.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Bàbá fi owó lé kọ́ńdọ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn padà sí abúlé tí a ti kọjá, nínú òjò. Ó gbé àkàrà gbígbóná dé nínú ọ̀rá dúdú tó fi sábẹ́ ẹ̀wù kó má bàa tutù, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti píọ̀ wọ́tà. Àwọn tó gbààwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pín in fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín in kárí gbogbo ọkọ̀, títí dórí ọkùnrin Èkó yẹn. Ó gbà á, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Bàbá ní kò séwu, wọ́n gun orí ọkọ̀ lọ wo àgbò mi.

Láti ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Mo sùn nínú ọkọ̀ yẹn bí ẹni tó wà nílé. Omi fà lóru, Bàbá tún wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n ri igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì wa ọkọ̀ gba àárín wọn jẹ́jẹ́. A wọ Abẹ́òkúta kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Àgbò mi délé láàyè, kò ṣánsẹ̀.

Ilé ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ńdà. Ọ́fíìsì pe bàbá mi lóòótọ́. “Wọ́n ti kọjá Àyétòrò, sà.” Nígbà tí bàbá mi tún pè wọ́n padà láti inú òjò: “Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, sà.” Ní Yídì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn wọn ò jáde mọ́, ikọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn “ẹ kú ọdún.” Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Ẹ̀jẹ̀ mi hó.

Lẹ́yìn ìsinmi Iléyá, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Láfẹ́nwá. Mo dá ohùn ọmọbìnrin náà mọ̀ kó tó parí ìkíni. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó wolẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ká máa sọ. Tá a bá ní ọ̀nà dí, àwọn tó máa wọ ọkọ̀ ọjọ́ kejì á wá gba owó wọn.” Ó gba nọ́ńbà bàbá mi, ó fi fóònù ara rẹ̀ pè wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi ṣàdúrà fún un.

Máníjà jáde. Mo ro ẹjọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, “Ẹ ṣáà ti dé láyọ̀, Àǹtí. Ẹ dúpẹ́.” Mo béèrè ₦3,000 àgbò mi tí wọ́n gbà lé. Ó ní òun á wò ó. Ó ní kí n wá wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí mo bá ń padà síbi iṣẹ́. Mo béèrè bóyá òun á pe bàbá mi. Ó ní ọwọ́ òun dí.

Ẹ̀yin ará ilé tó ń dúró de èèyàn yín láti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lásìkò òjò, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yẹn gbọ́. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀, kó gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kó fún àwọn ará ilé rẹ̀. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà, nítorí dírẹ́bà wọn. Ọkọ̀ wọn náà ni mo wọ̀ padà, mo sanwó mi pé, mo sì dúró de bàbá tó ń dé àbetí-ajá kí n tó wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mi ò tíì dé.