Máìkì SM57 níwájú gìtá: bó ṣe ń ṣe fún àwa mẹ́ta ní Táńkẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gba gìtá jáàsì sílẹ̀ ní Táńkẹ̀, nílùú Ìlọrin níbí, jẹnẹrétọ̀ ló máa kọ́kọ́ bá wọ̀jà kọ́rọ̀ tó kan orin. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àwo orin wa: èmi ń ta gìtá, ọ̀rẹ́ mi wà nídìí béèsì, àbúrò rẹ̀ sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ojú ìlù. Kò sí ẹni tó ń kọrin, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Bí ìka mi bá ṣèèṣì há okùn, kò síbi tí mo máa fi pamọ́ sí.

Máìkì Shure SM57 ni mo gbé síwájú áńpù mi, àpótí tó ń gbé ìró gìtá jáde. Láti ọdún 1965 ló ti wà lọ́jà. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń gbọ́ jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka tẹ̀yìn sí. Mo wá kẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé tó kọjú sílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, ariwo jẹnẹrétọ̀ wọn sì dín kù. Kò tán o! Ìró rírinlẹ̀ tó ń kùn yẹn kò mọ ẹ̀yìn mọ iwájú. Ìdí nìyí tá a fi ń ṣiṣẹ́ lóru, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tá a sì ń jáwọ́ kí ládàánì tó pe Àsùbáà.

Ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹ dojú rẹ̀ kọ àárín sípíkà gan-an, ìró á mú ṣáṣá bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ ní ìbú ìka méjì sápá etí sípíkà, ìró á rọ̀. Àtàǹpàkò ni mo fi ń ta gìtá, bíi Wes Montgomery, onígìtá jáàsì ará Amẹ́ríkà nì (ẹ má rẹ́rìn-ín), ibẹ̀ ló sì ti dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹ má sún un mọ́ áńpù jù: ìró ìsàlẹ̀ á wú, á wá máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu béèsì.

SM57 kò béèrè iná 48 fóòtì tí ẹ̀rọ ìgbohùn ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà, bíi ti àwọn máìkì kọ́ńdẹ́ńsà tó máa ń tètè gbọ́ ohun tó rọra dún. Àmọ́ ohun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í tètè wọ̀ ọ́ létí. Bí orin bá rọlẹ̀, ẹ ó ká ohùn sókè gan-an, tí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ so ó mọ́ kò bá sì dáa, ẹ ó máa gbọ́ “ṣíì” lábẹ́ orin. Fún búrọ́ọ̀ṣì, mi ò fẹ́ ẹ rárá. Kọ́ńdẹ́ńsà la yá fún ìlù.

Ayédèrú SM57 pọ̀ bí nǹkan míì. Ojúlówó wúwo tó 284 gíráàmù. Kí n tó sanwó tèmi ní òpópónà Táíwò, mo ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta èròjà kéèkì nítòsí. Ọlọ́jà fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbé e.