Àwọn tó bá mi to òkúta sí kòtò àgbàrá

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi náà ò gbà ni mo ṣe pe àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wá síbi kòtò ẹ̀yìn ilé mi. Òkúta àti ọwọ́ lásán, kò sí sìmẹ́ńtì. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni.

Wọ́n to òkúta dábùú kòtò níbi mẹ́ta, kò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n jẹ́ kí àárín relẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ síbi tí omi ń já sí. Ọ̀gá wọn ń fẹsẹ̀ mi òkúta kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá mì, yóò yọ ọ́.

Lẹ́yìn òjò mẹ́rin, iyẹ̀pẹ̀ ti kún ẹ̀yìn ti òkè, koríko ti ń hù níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló bí mi nínú: wọn ò ri òkúta rẹ̀ wọnú etí kòtò tó, omi bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo pè wọ́n ni wọ́n tó yọjú. Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá o.