Finnair láti Helsinki lọ sí Tokyo: ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n mo tún máa wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí Jàpáànù láti Yúróòpù, ẹ béèrè ọ̀nà tí bàálù yín máa gbà kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní London ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Fínlándì àti Rọ́ṣíà ló jọ pààlà. Tẹ́lẹ̀, bí bàálù bá ti gbéra ní Helsinki, olú-ìlú Fínlándì, orí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló máa gbà lọ, ó sì máa dé Tokyo láàárín bíi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọ̀nà àbùjá yìí ló sọ Finnair, ilé-iṣẹ́ bàálù Fínlándì, di ààyò àwọn tó ń lọ sí Éṣíà. Nígbà tí ogun Ukraine dé ní oṣù kejì ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti òfurufú wọn mọ́ bàálù Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà náà sì ti tiẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù orílẹ̀-èdè 36. Báyìí, bíi wákàtí mẹ́tàlá ni.

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni mo lọ. Bàálù Airbus A350 tó gbé wa kọrí sí àríwá, ó gba ọ̀nà Norway àti erékùṣù Svalbard, ó fo góńgó àríwá ayé kọjá, kó tó yà sí apá Alaska láìbalẹ̀. Mo gbé ìbòjú fèrèsé sókè. Yìnyín lọ salalu nísàlẹ̀, ó sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà nígbà ọyẹ́, omi dúdú sì ń hàn láàárín rẹ̀. Oòrùn wà létí òfurufú, kò gòkè, kò wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù pín ìwé ẹ̀rí fún wa pé a ti fò kọjá lórí góńgó náà. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí rọra fi tiẹ̀ sáàárín ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Pápákọ̀ ò sí nítòsí níbẹ̀ o. Òfin ni pé bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, bàálù gbọ́dọ̀ lè fi èyí tó kù dé pápákọ̀ kan láàárín 300 ìṣẹ́jú. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí ti mọ́ wọn lára. Lọ́dún 1983, nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba tí Rọ́ṣíà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ò gbà kí wọ́n kọjá, Finnair fi bàálù DC-10 gba àríwá yìí dé Tokyo láìdúró, nígbà tí àwọn mìíràn ń rọ epo ní Anchorage ní Alaska. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Sófíẹ́ẹ̀tì yìnbọn lu bàálù Korean Air Lines tó ṣìnà wọ òfurufú wọn. Èèyàn 269 ló bá a lọ. Kí awakọ̀ yí po, ká pẹ́ lọ́nà, ká ṣáà délé.

Nígbà tá à ń bọ̀, apá gúúsù la gbà: Ṣáínà, Kazakhstan, Georgia, Turkey. Ó jìn bákan náà.

Àwọn tó wọ bàálù láti Èkó sí London lóṣù kẹjọ ọdún 2023 náà rí irú rẹ̀. ECOWAS ń halẹ̀ mọ́ àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger, ni Niger bá ti òfurufú rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan.

Bàálù Ṣáínà ṣì ń gba orí Rọ́ṣíà, torí náà tiwọn yá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú lè rò ó wò. Tí ẹ bá yan Finnair, ẹ fún àgbàlagbà ní ìjókòó etí ọ̀nà kó lè máa dìde rìn, kí ẹ̀yin mú ti fèrèsé.