Ruger 10/22: ìbọn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ mọ̀ sí Bàbá Ọdẹ, ló jẹ́ kí n kọ èyí. Mo wálé fún ọdún, mo ń fi àwòrán ìbọn tí mo fi sílẹ̀ ní Texas hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Èyí tó kéré báyìí? Kí ló dé tí o ò ra ńlá?" Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Houston bi mí náà nìyẹn. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń yìn ín, mo sì lè dáhùn wàyí.

Láti 1964 ni Ruger 10/22 ti wà lórí àtẹ. Ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 LR ló ń lò, mẹ́wàá sì ni magasíìnì rẹ̀, ìyẹn àpótí ọta rẹ̀, ń gbà. Inú magasíìnì yìí ni ọta ti ń yí po, kò gùn jáde lábẹ́ ìbọn rárá. Ọ̀pá ìbọn náà jẹ́ ínǹṣì 18.5, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò méjì àti díẹ̀ lọ. Semi-automatic ni: ẹ fa tírígà, ọta kan jáde, agbára ọta yẹn kan náà ló ti bóòtì, ìyẹn irin tó ń pa ẹ̀yìn ihò ọta dé, sẹ́yìn, tó ju kòròfo nù, tó sì gbé òmíràn wọlé. Àmọ́ kò ní yìn ìkejì àfi tí ẹ bá jọ̀wọ́ tírígà, kí ẹ tó tún fà á.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, Bàbá Ọdẹ dákẹ́. Ṣakabùlà ni wọ́n fi ṣọdẹ láti kékeré. Kí wọ́n tó ki ẹ̀tù, kí wọ́n tó fi ọ̀pá gún un, kí wọ́n tó ju ọta sí i, ẹran ti kọjá odò. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ ìlú wa, láti orí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ ìlú dó, kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọ́yìn.

Èmi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. AR-15 ọ̀rẹ́ mi, ìbọn semi-automatic mìíràn tó ń lo ọta .223 tó lágbára ju .22 lọ, ni mo kọ́kọ́ yìn. Kì í gbá èjìká bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ariwo rẹ̀ ni, àní pẹ̀lú ohun tí mo fi bo etí. Kí n tó yìn ogún, ara mi ti ń jáyà ṣáájú kí n tó fa tírígà. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ fi ọta òfìfo kan, tí kò lè jó, sáàárín àwọn tó kù láì sọ fún mi. Nígbà tó kàn án, ìbọn kàn dún "kẹ́," ẹnu rẹ̀ sì rì wọlẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ó ti yìn. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé .22 ni mo nílò. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá èjìká, ariwo rẹ̀ mọ níwọ̀n, owó tí mo sì ń fi ra ogún ọta .223 fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọgọ́rùn-ún .22 fún mi. Ọwọ́ kì í mọ nǹkan tí kò bá ṣe é léraléra, ẹni tó bá sì ń ṣírò owó lórí ọta kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe é léraléra.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ojú lásán yìn ín kí n tó gbé awò tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni sí i. Ní yáàdì 50, pẹ̀lú awò, ìdérí agolo mílíìkì kékeré bo ihò ọta mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo yìn, bí ọta náà bá dára. Mo ní bí ó bá dára o, torí mo ra ọta olówó pọ́ọ́kú kan rí tó ń há, tí òmíràn kò sì jó rárá. Bí tírígà bá dún tí ọta kò jáde, ẹ má ṣí i kíákíá. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí iwájú, ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, torí ó lè pẹ́ kó tó jó.

Ẹ tún mọ èyí: nígbà tí ọta bá tán, bóòtì rẹ̀ kì í dúró ní ṣíṣí. Á padà pa dé, ìbọn á sì rí bí èyí tí ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ magasíìnì, ẹ fa bóòtì, ẹ fi ojú wo inú ihò, ẹ tún fi ìka kàn án. Kí ẹnikẹ́ni tó rìn síwájú ní pápá, bóòtì gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ láti dá ti 10/22 dúró sì gba àkókò kó tó mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá fẹ́ nù ún, ẹ̀yìn rẹ̀ dí pátápátá, nítorí náà ẹnu ìbọn ni mo ti ń ki ọ̀pá ìnu bọ̀ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí òjé tó wà lára ọta.

Ọ̀rọ̀ òfin wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ẹ̀kọ́ tàbí físà iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹ ní ìbọn, àfi àwọn àyọkúrò bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Green card ni mo fi ra tèmi, wọ́n sì yẹ orúkọ mi wò kí wọ́n tó gbé e fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun á dì í wálé. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà: ìbọn yòówù kó jẹ́, ó nílò ìwé àṣẹ, àwọn tó sì wà lára èyí tí wọ́n fòfin dè, bíi ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Ọdẹ wọlé lọ gbé ṣakabùlà wọn jáde. Wọ́n ki ọ̀pá sí i lójú mi kí n rí i pé òfìfo ni. Wọ́n ní kí n dojú rẹ̀ kọ ìdí igi mángòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, kí n fà á. Wọn ò wo igi náà rárá. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

"O ò ṣẹ́jú," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba ìbọn wọn lọ́wọ́ mi.