Òdòdó Àgbàlá Ara Wa: Ìgbà Mẹ́ta Tí Mo Pe Atòdòdó Wá sí Ilé ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí tí ó ń gba 5,000 sẹ́fà láti wá gé òdòdó tí ó ti wà ní àgbàlá onílé tẹ́lẹ̀, kí ó sì tò ó sínú ìkòkò fún un, ẹ̀rín ni ó pa mí. Mo ti wá pè é nígbà mẹ́ta láàárín ọdún kan: nínú ọyẹ́, ní oṣù Karùn-ún tí òjò ti fìdí múlẹ̀, àti nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí mo sanwó fún ni ó tọ́ sí owó náà.

Àgbàlá wa, tí kò jìnnà sí ọjà Ouando, kì í ṣe ọgbà olówó. Bugẹnfílíà kan gun ògiri iwájú, hibiscus pupa wà lẹ́bàá kànga, frangipani àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, hẹlikóníà, tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, sì ń gbilẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Yàtọ̀ sí kúrótọ̀n díẹ̀, a tún ní pèrègún tí bàbá mi fi pààlà ilẹ̀, àti igi àkòko kan tí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Nínú ọyẹ́, mo rò pé kò ní rí nǹkan kan gé, nítorí eruku ti bo gbogbo ewé. Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni ó dé, ó ní òdòdó tí a bá gé lẹ́yìn tí oòrùn ti mú, ó ti rẹ̀ kí a tó gbé e wọlé. Ọ̀dọ̀ bugẹnfílíà ni ó kọrí sí tààrà, nítorí àsìkò tí omi bá wọ́n gan-an ni ó máa ń yọ àwọ̀ jù. Ó já ìdì kan, ó fi èékánná ya á, ó sì fi hàn mí pé ohun tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ewé lásán ni: òdòdó gan-an ni ohun funfun tín-ín-rín mẹ́ta tí ó wà láàárín, tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Lẹ́yìn náà ni ó re gbogbo ewé tútù ara ẹ̀ka náà dànù, kí omi lè lọ sí ibi tí àwọ̀ wà.

Ibi àkòko ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di wàhálà. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ti là, obìnrin náà sì ti na ọwọ́ sí ẹ̀ka kan, ni ìyá mi bá yọ láti inú ilé. “Ọmọ mi, ta ni a fẹ́ fi jẹ oyè níbí?” Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, màámi, òdòdó rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́.” Ìyá mi fún un ní ẹ̀ka méjì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó já ewé ara wọn, tí ó sì kó wọn sí ìdí igi náà. Kí n má parọ́, òdòdó àkòko náà kò kọjá ọjọ́ kejì kí ó tó já sílẹ̀ sórí aṣọ tábìlì.

Iṣẹ́ oṣù Karùn-ún ni mo lè fi yangàn. Hẹlikóníà mẹ́ta ni ó gé, gíga wọn kò dọ́gba, èyí tí ó ga jù tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìkòkò amọ̀ tí ó bá nílé ìdáná wa, tí ó ní ó sàn ju gíláàsì lọ. Ó ká ewé pèrègún sí ẹnu ìkòkò náà, ó ki kúrótọ̀n sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú lè rí ihò, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò nílẹ̀, nítorí pé mo ṣe ohun tí ó sọ: mo ń pààrọ̀ omi ní ọjọ́ kejì-kejì, mo ń gé ìdí igi òdòdó náà ní ìdagẹ̀rẹ̀, mo sì ń kán jàfẹ́ẹ̀lì (omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun) díẹ̀ sínú omi. Hibiscus kò bọ́ sínú ìkòkò rárá. Àwo pẹrẹsẹ ni ó tẹ́ ẹ sí láìsí omi, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀mí rẹ̀, bí a bá bomi fún un, bí a kò bá bomi fún un.

Ti oṣù Kẹjọ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Aago mẹ́wàá ni ó tó dé. Ó gé frangipani láì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n yí i ká pé oje funfun rẹ̀ máa ń yún ara, ọwọ́ ọmọ mi obìnrin sì wú títí di alẹ́. Èmi náà jẹ̀bi ohun kan: mo gbé ìkòkò náà sẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n, láìmọ̀ pé atẹ́gùn tí èso pípọ́n ń tú jáde máa ń mú kí òdòdó tètè re.

Ohun tí mo bá a jà lé lórí jù ni fóòmù aláwọ̀ ewé tí ó ń gún igi òdòdó mọ́, tí ó sì ń gba 500 sẹ́fà lé e lórí. Irú kẹ́míkà tí a fi ń ṣe ike ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í jẹrà. Èyí tí ìyá mi dà sórí ààtàn nínú ọyẹ́ ṣì wà níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gaàrí tí wọ́n pa ní aró, àwọn adìẹ sì ń ṣà á lẹ́nu.

Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ ní ewéko tó oríṣi márùn-ún tàbí mẹ́fà kò ní kábàámọ̀ bí ó bá pè é lẹ́ẹ̀kan nínú òjò, tí ó dúró tì í, tí ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì látòkè délẹ̀ kò ní rí èrè kankan níbẹ̀. Èmi ti ní kí ó padà wá bí ọyẹ́ bá dé. A ti jọ ṣàdéhùn pé iyanrìn tútù àti òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò lò dípò fóòmù, àti pé ìyá mi ni yóò fúnra rẹ̀ gé àkòko.