Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ọmọ ọ̀pẹ "tenera" tí wọ́n ṣa irúgbìn ẹ̀ lábẹ́ igi

Ẹ̀yin tó ń múra àtigbin ọ̀pẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ro oko, tí mo ń da ajílẹ̀ sídìí igi, kí n tó mọ̀ pé jìbìtì ni wọ́n lù mí.

Ọmọ ọ̀pẹ 143 ni mo rà, iye tó máa ń gba hẹ́kítà kan téèyàn bá fi mítà 9 sáàárín igi kan sí èkejì. Ẹni tó tà á ní tenera ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn irú ọ̀pẹ tí eepo èkùrọ́ ẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo ẹ̀ sì pọ̀. Ó fi fọ́tò oko ọ̀pẹ ńlá kan hàn mí, ó ní abẹ́ igi ibẹ̀ lòun ti ṣa irúgbìn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó, àmọ́ òun ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Tenera kì í bí tenera nìkan. Dura ni ìyá ẹ̀, èyí tí eepo èkùrọ́ ẹ̀ nípọn. Pisifera ni bàbá ẹ̀, èyí tí èkùrọ́ ẹ̀ ò ní eepo, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í sì í so èso tó ń gbó. Láti ọdún 1941 ni Beirnaert àti Vanderweyen ti fi èyí hàn ní Kóńgò. Bí ẹ bá wá ṣa irúgbìn lábẹ́ tenera tó gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó lára tenera ẹgbẹ́ ẹ̀, nínú bíi mẹ́rin tó bá hù, ọ̀kan á jẹ́ dura, méjì á jẹ́ tenera, ọ̀kan á jẹ́ pisifera.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Nígbà tí mo kọ ẹyìn àkọ́kọ́, mo mú èso kan, mo fi ọ̀bẹ là á ní ìbú. Ọ̀bẹ dúró gbọin lórí eepo. Ara pupa tí epo wà nínú ẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí fọ́nrán dúdú tó máa ń yí èkùrọ́ tenera ká bí òrùka. Igi 31 tún wà tó jẹ́ pé bí ìdì ẹyìn wọn bá ti yọ, á dúdú, á jẹrà kó tó pọ́n. Àwọn yẹn ló ga jù nínú oko, ewé wọn ló sì tutù jù. Àwọn ni mo fi ń yangàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ máa fojú dá a mọ̀ ní nọ́sìrì. Ewé dura àti ti tenera ò yàtọ̀ síra nígbà yẹn. Ìwé irúgbìn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe rìsíìtì owó. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn gidi máa ń fi àpò bo òdòdó abo dura kó tó là, wọ́n á wá fi lẹ́búlẹ́bú pisifera sí i fúnra wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ò lè sọ ìyá àti bàbá ohun tó ń tà, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan tiẹ̀ máa ń hú èyí tó lalẹ̀ hù lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n á rì í sínú ọ̀rá dúdú lánàá, wọ́n á tà á lónìí. Ẹ tú ọ̀rá ẹyọ kan wò kí ẹ tó kó ẹrù. Ọmọ ọ̀pẹ tó ti lo oṣù 10 sí 14 ní nọ́sìrì, gbòǹgbò ẹ̀ á ti di iyẹ̀pẹ̀ mú pinpin. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá dà wuuru, tí ẹ rí ojú ibi tí wọ́n ti gé gbòǹgbò, ẹ má gbà á. Èyí tí ewé ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko, tàbí tó lọ́ pọ̀, ó yẹ kí wọ́n ti jù ú nù ni.

Mo ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi 31 yẹn, mo máa gé wọn, màá sì gbin òmíràn síbẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó tà á fún mi ò lọ mọ́. Orúkọ míì ló fi ń polówó báyìí, àmọ́ fọ́tò oko kan náà ló ṣì ń lò: katakata pupa kan wà lápá òsì, lábẹ́ ọ̀pẹ. Bí ẹ bá rí i, òun náà nìyẹn.