Ìkìlọ̀: 185,000 náírà ni mo san l'Óṣogbo fún rédà dìtẹ́kítọ̀, dóòbẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wakọ̀ lọ Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá yín sin rédà dìtẹ́kítọ̀ sínú mọ́tò, ẹ ka èyí tán ná kẹ́ ẹ tó tíránsífà owó. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ o, torí mo pe ara mi lẹ́ni tójú ẹ̀ là, àmọ́ gbájúẹ̀ náà ṣì wà nígboro, kò sì lè jẹ́ èmi nìkan ló máa ṣe é fún.

Fún ẹni tí ò bá mọ nǹkan tí mò ń sọ, ẹ mọ ìbọn rédà táwọn róòdù séfútì máa ń nà sí mọ́tò láti mọ bó ṣe ń sáré tó. Rédà dìtẹ́kítọ̀ ni ẹ̀rọ tó máa ń gbọ́ ìgbì tó ń jáde lára ìbọn yẹn, á wá pariwo sí yín létí kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ó ṣeé ṣe torí pé ìgbì náà ní láti lọ gbá mọ́tò kó tún padà sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó lè ka eré, àlọ àti àbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àlọ nìkan ni ẹ̀rọ inú mọ́tò ń gbọ́ ní tiẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú wà, èyí tí wọ́n ń sin sínú mọ́tò náà wà: antẹ́nà ẹ̀ á wà lẹ́yìn gíríìlì níwájú, àpótí ẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, iná bíńtín nìkan lẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn. Èyí tí wọ́n ń sin yìí lèmi ń wá, torí èyí tó bá wà lójú gíláàsì, àwọn ọmọ ìta á fọ́ gíláàsì gbé e lọ.

Kẹ́ ẹ tó máa bú mi, mo mọ̀ pé kéèyàn rọra wakọ̀ ló dáa jù, ìyàwó mi ti fi ọ̀rọ̀ yẹn di mí létí. 100 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà màrosẹ̀, 50 nígboro, èmi ń lé 118 láti Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn torí mo fẹ́ tètè dé Gbági kí wọ́n tó ṣa aṣọ tó dáa tán. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ni wọ́n mú mi. Owó ìtanràn ọ̀hún kọ́ ló dùn mí, ìdádúró yẹn ni, kéèyàn dúró sínú oòrùn kó máa bẹ ọmọ tó lè bí lẹ́bẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé iṣẹ́ bọ̀dá tó bá mi fi ẹ̀rọ yìí sí mọ́tò sórí sitátọ́ọ̀sì Wásáàpù ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sí Ọláìyá, gíláàsì ni gbogbo iwájú ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n inú mọ́tò ló tò kálẹ̀, kámẹ́rà ẹ̀yìn, iná aláràbarà. Ọmọkùnrin náà lè tó ọgbọ̀n ọdún, ó dé fésìkapù, bó ṣe rí mi báyìí ó dọ̀bálẹ̀, "Àlájì mi, ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jókòó sábẹ́ fáànù." Mi ò tíì lọ Mẹ́kà rí o. Mi ò sì tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe, ká sòótọ́ ó dùn mọ́ mi nínú. Ó fún mi ní píọ̀ wọ́tà tútù, ó wá gbé páálí kan jáde tó ń dán bíi dígí, wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan sí i lára, ó ní 250,000 ni wọ́n ń tà á l'Ékòó, ṣùgbọ́n torí pé èmi ni, a nà án títí a fi dé 185,000, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ẹ̀.

Ó ní báńdì mẹ́rìndínlógún, ìyẹn oríṣi ìgbì mẹ́rìndínlógún, ló ń gbọ́. Ibi tó yẹ kí n ti dìde nìyẹn. Rédà ọlọ́pàá tí aráyé ń lò, báńdì mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: X tó wà ní 10.525 GHz (bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n tó ni wọ́n ń fi GHz kà), K tó wà ní 24.150, àti Ka tó bẹ̀rẹ̀ láti 33.4 dé 36. Lésà wà pẹ̀lú, iná tí ojú ò lè rí ni ìyẹn, kì í ṣe rédà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé mẹ́rìndínlógún, ẹ ní kó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá wo ojú ẹ̀. Èmi ò bi í o, ńṣe ni mò ń mi orí bí aláǹgbá.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ó gba kọ́kọ́rọ́ Camry mi, mo ní kí n dúró kí n máa wò ó, ó ní rárá o, Àlájì, ẹ lọ fi àmàlà ra ara yín níye, iṣẹ́ yìí máa pẹ́ díẹ̀. Mo bá lọ jẹun! Èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ń tú ikùn mọ́tò mi, èmi ń bu gbẹ̀gìrì. Nígbà tí mo padà dé, iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn, ó kọ K àti Ka sí i lára, ó dára lójú gan-an, mi ò lè parọ́.

Ó ní ká jọ jáde lọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Èmi ń wakọ̀, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà lápò ṣòkòtò látìgbà tá a ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i dáadáa, mo kàn rò pé éésì mi ló ń mú un lótùútù. A forí lé Òkè-Fìà, ibi táwọn ọlọ́pàá kan dúró sí lẹ́bàá ọ̀nà, ó kù díẹ̀ ká dé ọ̀dọ̀ wọn, tin-tin-tín! tin-tin-tín! Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, Àlájì? Ó ti gbọ́ wọn látọ̀nà jíjìn." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún ṣe é, a ṣẹ́rí padà, ó tún dún. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti san gbogbo owó ọ̀hún pátá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n bi ara mi léèrè lójú gbogbo yín: ọlọ́pàá tó gbé ìbọn AK dúró síbẹ̀ tó ń wo bébà mọ́tò, rédà wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí ẹ̀rọ máa gbọ́? Kò sí. Ẹ̀rọ gidi ò lè mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ẹlẹ́kọ. Ìgbì nìkan ló ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gba Àkódà, Ọdẹ-Òmu, mo já sí Gbọ̀ngán, mo tẹ iná mọ́ mọ́tò nídìí pẹ̀lú ìgboyà. Lẹ́yìn tí mo kọjá Ìkirè ni wọ́n na ọwọ́ sí mi. 116. Iná aláwọ̀ ewé yẹn ń wò mí bí ojú ológbò, kò fọhùn. Mo pe bọ̀dá, ó ní ó ní láti jẹ́ lésà ni wọ́n lò, kò sẹ́ni tó lè sá fún lésà. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú! Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀ tó fi gbé irọ́ ẹ̀ lẹ́sẹ̀, torí iná lésà tín-ín-rín ni, kì í fọ́n káàkiri bíi ti rédà, ìgbà tí ẹ̀rọ yín bá fi máa gbọ́ ọ, wọ́n ti ka eré yín tán. Kódà rédà gan-an, bí òṣìṣẹ́ bá di ọwọ́ ẹ̀ mú, tí kò tan án títí ẹ fi dé iwájú ẹ̀, ìkìlọ̀ tí ò wúlò mọ́ lẹ máa gbọ́. Torí náà mo gbà fún un. Mo tiẹ̀ dúpẹ́.

Ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lójú títì. Ládùúgbò wa l'Áyétòrò ni, ìdájí, nígbà tí mo bá ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Mo máa tẹ bíréèkì, mo máa máa wo ọ̀tún wo òsì, ìyá alákàrà nìkan ló wà níbẹ̀, rédà kankan ò sí. Ojúlé kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ìyàwó mi ló wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan tó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé ẹ ò mọ ohùn yẹn ni? Dóòbẹ́ẹ̀lì ilé Àlájà nìyẹn o." Mo ní kó dákẹ́ jàre. Ó ní kí n wo ọmọ tó ń ta búrẹ́dì, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì. Mo wò, lóòótọ́ ọmọ náà ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà.

Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ tí mo jáde sí mọ́tò, bátìrì ti kú fin-ín-fin-ín. Mo jọ́m̀pù ẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà mi l'Ókè-Bàálẹ̀, àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ra wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó pẹ́ níbẹ̀, mo kàn ń gbọ́ tí ó ń sọ pé "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n." Nǹkan tó fà jáde nìyí: dóòbẹ́ẹ̀lì aláìníwáyà, ike funfun tí wọ́n fi bùrọ́ọ̀ṣì kùn láwọ̀ dúdú, ọ̀dà náà ti ń bó níbi tí ihò sípíkà wà. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yan orin ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibi tó yẹ kí bátìrì kéékèèké wà, wáyà ni wọ́n jó mọ́ ọn, wáyà yẹn lọ sára ṣájà fóònù inú mọ́tò kan tí wọ́n ti fọ́ èèpo ẹ̀ dànù, ṣájà náà lọ tààrà sórí bátìrì, kò gba fíúsì kọjá, kò gba kọ́kọ́rọ́ kọjá. Iná kékeré tó kọ K àti Ka, iná lásán ni, tọ̀sán-tòru ló ń tàn. Rìwáyà mi tẹ bọ́tìnì orin yẹn, ó dún tin-tin-tín, ó wò mí, ó ní, "Ẹ wọlé o." Àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rín kú.

Bọ́tìnì dóòbẹ́ẹ̀lì ló wà lápò bọ̀dá yẹn lọ́jọ́ tá a lọ sí Òkè-Fìà. Bọ́tìnì ẹnu géètì Àlájà ló sì ń mú un dún ládùúgbò wa.

Antẹ́nà iwájú ńkọ́? Àpótí dúdú kékeré, wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù dí i dáadáa, iṣẹ́ mímọ́. Rìwáyà fa wáyà ẹ̀, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ, wọ́n gé e, wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé ẹnu ẹ̀. A fọ́ àpótí náà, pútì táwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ara mọ́tò ló wà nínú ẹ̀, kó lè wúwo. Nǹkan tó wá bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni wáyà tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wọnú mọ́tò. Ó lu ihò síbi irin tó pín ẹ́ńjìnnì sí inú mọ́tò, kò fi rọ́bà sẹ́nu ihò náà, etí irin ti ń ha wáyà, kọ́pà ti yọ. Wáyà tí ò ní fíúsì! Bó bá kan irin, mọ́tò lè gbiná pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nínú ẹ̀.

Mo ti wá bi àwọn tó mọ̀ ọ́n báyìí, ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sin, tó jẹ́ ojúlówó, irú ti iléeṣẹ́ Escort tàbí K40, ó máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là l'Ámẹ́ríkà kó tó wọkọ̀ ojú omi, ẹ fúnra yín ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá wá ní 185,000, tòun ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ń tà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ dúró ti onítọ̀hún níbi tó ti ń fi í sí i, ẹ má lọ jẹ àmàlà kankan. Antẹ́nà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọnrangandan, kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn irin tàbí lẹ́yìn nọ́ńbà mọ́tò, ìgbì ń gba inú ike kọjá, kì í gba inú irin. Wáyà ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé inú àpótí, kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iná ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ti ibi fíúsì tó ń kú bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ wá, kó ní fíúsì kékeré tiẹ̀.

Nípa tẹ́ẹ̀sì, ẹ má fi ọlọ́pàá tẹ́ẹ̀sì nǹkan kan. Ẹ wakọ̀ lọ síwájú ilé ìtajà ńlá tàbí báǹkì tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ṣí fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló ń lo báńdì K, ojúlówó dìtẹ́kítọ̀ á kígbe níbẹ̀. Àwọn mọ́tò tuntun tó ní sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ náà máa ń dà á láàmú. Kẹ́ ẹ sì rí i pé olùtajà náà ò sí nínú mọ́tò, tàbí kó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ń lo GPS, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí mọ́tò wà, náà wà, èyí tó ń fi ibi tí kámẹ́rà wà sọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi ra ọ̀kan, èdè Rọ́ṣíà ló ń sọ lójú ọ̀nà Ìwó. Kámẹ́rà orílẹ̀-èdè ẹlòmíì ló kó sórí, àwọn róòdù séfútì tiwa tó ń dúró síbí lónìí, síbẹ̀un lọ́la, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ wọ́n? Bẹ́ ẹ bá ń gbé rédà dìtẹ́kítọ̀ sọdá sílẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin ibẹ̀ o, ìpínlẹ̀ Virginia l'Ámẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè Faransé ò fẹ́ rí i nínú mọ́tò.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù gíláàsì yẹn. Páádì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ó ti kó lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà ẹ̀ ò wọlé mọ́. Mo mú rìsíìtì lọ sí tésàn, ọlọ́pàá kà á, ó ní, "Bàbá, ohun ọ̀ṣọ́ mọ́tò ni wọ́n kọ síbí." Mo gbà á padà, mo kà á. Lóòótọ́, kò sí rédà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ẹ̀rọ, kò sí orúkọ ẹni tó gbowó. Ẹ̀yin náà ẹ wo rìsíìtì yín kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ní kó yára gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rìwáyà torí wáyà ọ̀dọ̀ bátìrì yẹn, kó má dúró dọ̀la.

Dóòbẹ́ẹ̀lì náà wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò mi. Ìyàwó mi ní ká kúkú gbé e sẹ́nu géètì wa, pé ohùn ẹ̀ dùn, àmọ́ bọ́tìnì ẹ̀ wà lápò bọ̀dá yẹn.